OJÚ TÌ MÍ LỌ́JÀ KRUJË: Ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí ìlú orí òkè ní Albáníà

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa ọjà níná. Àṣé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ìlú kékeré kan tó wà lórí òkè nílẹ̀ Albáníà ló là mí lójú. Ẹ fìdí jókòó, kí n ròyìn bó ṣe jẹ́.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London ló ní kí n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní, "Màámi, gbogbo ènìyàn ló ń lọ sí Paris. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí owó wa máa tó." Ló bá dárúkọ Albáníà. Mo ní, "Níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ènìyàn ń lọ síbẹ̀ kó padà wálé?" Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ilẹ̀ Yúróòpù náà ni Albáníà wà. Ó kọjú sí Ítálì, òkun ló pín wọn níyà. Gíríìsì wà ní gúúsù rẹ̀. Ilẹ̀ náà kéré. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn níbẹ̀ ní 2023, iye wọn kò ju bíi mílíọ̀nù 2.4 lọ. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsítẹ́nì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn, bíi tiwa nílẹ̀ Yorùbá gẹ́lẹ́.

BỌ́Ọ̀SÌ GBÉRA

Tirana ni olú ìlú wọn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì kékeré kan wá gbé wa. Àwa méjìlá la wà nínú rẹ̀: àwọn ará Jámánì, tọkọtaya kan láti Póláńdì, àwọn òyìnbó mìíràn, àti àwa dúdú méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni amọ̀nà wa. Ó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa, àtìgbà tó sì ti rí gèlè mi ló ti ń pè mí ní "Mama". Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ó ní Krujë tí à ń lọ kò jìnnà, bíi wákàtí kan péré ni.

Kò pẹ́ tí a jáde nígboro tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan roboto kan nínú oko, bí olú tó hù láti inú ilẹ̀. Kọ́ńkéré ni wọ́n. Amọ̀nà ní Enver Hoxha ló kọ́ wọn, ọkùnrin tó ṣèjọba lé wọn lórí láti 1944 títí ó fi kú ní 1985. Ẹ̀rù ogun ló ń bà á. Ó ní kí wọ́n kọ́ ibi tí àwọn sójà máa sá sí káàkiri, èyí tí wọ́n sì kọ́ lé ní 170,000. Ogun náà kò dé títí ó fi kú. Sìmẹ́ńtì tí wọn ì bá fi kọ́lé fún tálákà ló wà nínú oko tí ewúrẹ́ ń sùn sí.

Láyé Hoxha, ènìyàn kò lè ra mọ́tò ti ara rẹ̀. Ìjọba ló ni ṣọ́ọ̀bù, ìjọba ló ni oko. Wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ sábẹ́ ìjọba, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún owó tí ìjọba bá là sílẹ̀. Ní 1967, wọ́n ti mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fojú inú wò ó: ìlú tí ènìyàn kò ti lè pàtẹ ọjà tirẹ̀!

Nǹkan bí ọdún 1991 ni ìjọba yẹn wó. Inú àwọn ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ètekéte òwò. Àwọn kan bá yọjú, wọ́n ní, "Ẹ kó owó yín wá, láàárín oṣù díẹ̀ ẹ ó gba ìlọ́po." Ta ni kò mọ orin yẹn lọ́dọ̀ tiwa? Àwọn kan ta ilé, àwọn kan ta agbo àgùntàn, wọ́n kó owó lọ. Ní 1997, gbogbo rẹ̀ fọ́ yángá bí ìkòkò amọ̀. Ìlú dàrú, àwọn ènìyàn fọ́ ilé ìkó-ohun-ìjà-sí, àwọn tó kú nínú rògbòdìyàn náà sì tó nǹkan bíi 2,000. Amọ̀nà wa ní màlúù mẹ́ta ni bàbá òun tà síbẹ̀. Ó ní títí dòní, bàbá náà kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ èlé nínú ilé. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi kí bàbá rẹ. Sọ fún un pé ó lẹ́gbẹ́ n'Ìbàdàn."

A kọjá Fushë-Krujë ní ìsàlẹ̀, ìlú tí wọ́n ti gbé ère George W. Bush dúró nítorí pé ó wá kí wọn ní 2007 nígbà tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ó ń lọ́ bí ejò, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Mo di àga iwájú mú, mo ń ka ohun tí mo mọ̀ nínú Sáàmù.

ỌMỌ TÍ WỌ́N FI DÓGÒ

Krujë ga tó bíi 600 mítà. Bí ẹ bá dúró lórí odi rẹ̀ tí ojú ọjọ́ sì mọ́, ẹ ó rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbogbo, ẹ ó rí òkun lókèèrè. Ẹ̀yin ìlú náà sì tún ni òkè ńlá mìíràn, tó dúró bí ògiri. Nígbà náà ló yé mi ìdí tí àwọn ará ijọ́un fi tẹ̀ ẹ́ dó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ jà, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ rí i.

Amọ̀nà mú wa gba àárín ọjà kọjá. Ó ní ká má tíì dúró, pé tí a bá dé òkè tán, wọ́n á fún wa ní wákàtí kan láti ná ọjà. Ó tó mú wa wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú odi, èyí tí wọ́n ṣí ní 1982. Ọmọ Hoxha obìnrin wà lára àwọn tó ya àwòrán ilé náà.

Ìtàn Gjergj Kastrioti ló kún ibẹ̀, ẹni tí ayé mọ̀ sí Skanderbeg. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1405, ìjòyè ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí agbára àwọn Tọ́kì ka ilẹ̀ wọn, wọ́n mú ọmọ náà lọ láti fi dógò, kí bàbá rẹ̀ má baà ṣọ̀tẹ̀. Ó dàgbà lọ́dọ̀ ọba Tọ́kì, ó di Mùsùlùmí, ó di ọ̀gágun wọn. Àwọn ló sọ ọ́ ní Iskander, ìyẹn Alẹkisáńdà, tí wọ́n sì fi oyè "Bey" kún un.

Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ọmọ pẹ́ lẹ́yìn odi tó, ilé ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1443, nígbà tí ogun àwọn Tọ́kì túká ní Niš, Skanderbeg fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú 300 ọmọ ogun tí wọ́n jẹ́ ará ilé rẹ̀, ó kọrí sí Krujë. Ìtàn sọ pé ayédèrú lẹ́tà ló fi gba odi náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù yẹn, ó ta àsíá pupa tó ní idì dúdú olórí méjì. Àsíá yẹn náà ni Albáníà ń lò dòní. Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá yẹn náà ni wọ́n sì fi kéde òmìnira wọn ní 1912.

Nǹkan bí ọdún 25 ló fi dènà àwọn Tọ́kì. Sultan Murad Kejì dó ti Krujë ní 1450, ó padà lọ́wọ́ òfo. Mehmed Kejì, ẹni tó gba Constantinople ní 1453, wá ní 1466, wọ́n tún padà wá ní 1467. Kò bọ́ sí i. Ibà ló pa Skanderbeg ní 1468. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1478, ni Krujë tó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ebi ló sì ṣí ilẹ̀kùn odi náà, wọn kò fi ìbọn ṣí i.

Àkẹtẹ̀ ogun rẹ̀, èyí tó ní orí ewúrẹ́ lókè, wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòṣe ni. Ojúlówó rẹ̀ wà ní Vienna, nílẹ̀ Austria. Ọmọ mi wò mí, mo wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a ti dúró síwájú orí idẹ Ifẹ̀ kan ní British Museum ní London. Mo ní, "Gbogbo wa la jọ wà nínú ẹjọ́ náà."

Lẹ́yìn èyí la wọ ilé àwọn Toptani, ìdílé ọlọ́lá kan. Ọdún 1764 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń gbé láyé àtijọ́: ibi tí wọ́n ti ń fún òróró, ilé ìwẹ̀ wọn, àwọn òfì àti irinṣẹ́ ọwọ́. Ilé ńlá ni, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ń lò, nínú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo ní lọ́kàn mi, àwọn wọ̀nyí kò jókòó.

Nígbà tí a jẹun ọ̀sán, ẹran àgùntàn tí wọ́n fi wàrà kíkan sè ni mo jẹ. Owó rẹ̀ jẹ́ 900 lek. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Ìyá olóúnjẹ ń bọ̀ láti tún bù sí i, mo ní, "Rárá, mo ti yó." Ó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Amọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ní èdè àwọn, "jo" ni rárá, bí wọ́n sì ṣe ń pè é, "yo" gan-an ni! Mo ní, "Háà, àṣé mo ti ń sọ èdè yín láti kékeré."

ÌYÁ ONÍ-ÒFÌ

Ọjà Krujë ti wà láyé àwọn Tọ́kì. Òpópónà tóóró kan ni, wọ́n fi òkúta tẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn sì ti mú un dán bí ilẹ̀ tí wọ́n fi epo ra. Ṣọ́ọ̀bù onípákó wà lọ́tùn-ún àti lósì, òrùlé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Wọ́n ń ta ìkòkò idẹ, ẹ̀gbà ọrùn fàdákà, àwo sìgá tí wọ́n ṣe bí ilé kọ́ńkéré Hoxha, àti aṣọ orí tábìlì. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan tí wọ́n ní ìyá àgbà ló fọwọ́ ṣe é. Èmi tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí aṣọ? Ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo rọra gbé e padà.

Ṣùgbọ́n ojúlówó wà níbẹ̀. Bàbá kan ń ṣe fìlà funfun àwọn ará ibẹ̀. Ó fi okùn ọrun gbọn irun àgùntàn títí ó fi wú bí òwú, ó da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, ó ń fọwọ́ yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tí wọ́n gbẹ́ bí orí ènìyàn. Kò fi abẹ́rẹ́ kàn án, kò rán an, ó di fìlà.

Ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, tí kò lọ mọ́. Ìyá kan jókòó sídìí òfì, ó ń hun ẹní irun àgùntàn. Òfì náà dúró lóòró bí fèrèsé ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣọ, ẹ mọ̀ pé òfì àwọn ọkùnrin wa ń tẹ́ lọ sílẹ̀ gbọọrọ, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń bọ́ jáde níbẹ̀. Òfì obìnrin ló ń dúró, òun la fi ń hun kíjìpá. Irú òfì ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ ni mo rí ní Krujë.

Kí n sọ òtítọ́ fún yín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, alágbàtà kan máa ń wá ra aṣọ ìyá mi. Á ná an, á ná an, títí ohùn ìyá mi á fi rẹlẹ̀. Á ní, "Ṣebí ilé lẹ jókòó sí, kí ló ná yín?" Ìyá mi á gbà, nítorí owó ilé ìwé wa. Mo búra nígbà náà pé èmi ò ní hun aṣọ láyé mi, ẹni tó ń rà á ni mo máa jẹ́. Mo sì dì í.

Ìyá náà fi ẹní kékeré kan hàn mí, pupa àti dúdú, ó tó èyí tí ènìyàn lè fi kírun. Ó tẹ 8,000 sórí ẹ̀rọ ìṣirò. Mo tẹ 3,500. Ó fọwọ́ lé àyà. Ó tẹ 6,500. Mo ṣe bí ẹni ń lọ, bí a ṣe ń ṣe é ní Gbági. Ó pè mí padà. Mo tẹ 4,500. Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi orí sósì. Mo ní, obìnrin yìí le o! Mo tẹ 5,000. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó tún mi orí, ó ń fi ìka tọ́ka sí 4,500 tí mo kọ́kọ́ tẹ̀.

Amọ̀nà ló dé tó tú u fún mi. "Mama, níbí, ẹni tó bá mi orí báyìí, bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ. Ó ti gba 4,500 lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò lè gba 5,000."

Mo rẹ́rìn-ín, mo yọ owó. Ẹnu mi ló wá já lọ béèrè pé ọjọ́ mélòó ló fi hun ún. Amọ̀nà bi í. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọwọ́ mi dúró nínú pọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Pín 4,500 sọ́nà mẹ́sàn-án: 500 lek lójúmọ́. A ò tíì yọ owó irun àgùntàn, a ò tíì yọ owó aró. Kódà ká ní mo san 8,000 tó kọ́kọ́ pè, kò tó 900 lek lójúmọ́, ìyẹn oúnjẹ ọ̀sán tí mo jẹ nínú wákàtí kan. Ohùn alágbàtà ìyá mi ló sì ń dún létí mi: "Kí ló ná yín?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi gan-an ni mo ti di alágbàtà yẹn.

Mo ní kí amọ̀nà bi í pé kí ló dé tó fi gbà. Ìyá náà ní láti àárọ̀, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ti dé, fọ́tò ni wọ́n ń yà lọ. Ó ní láyé ìjọba Hoxha, òun ń hun ẹní fún ìjọba, owó kékeré ni, òun ò sì ní ẹnu láti yan iye. Nísinsìnyí òun lè pe iye tó wu òun, ẹni tó máa san án ni kò sí. Ọmọ òun obìnrin wà ní Ítálì, ó ń tún ilé ṣe fún àwọn ènìyàn. Kò kọ́ òfì. Ó ní ta ló máa kọ́ ọ?

Mo ka 3,500 sí i, kó lè pé 8,000. Ó tì í padà. Mo tún gbé e fún un, ojú rẹ̀ le. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan: "Besa." Amọ̀nà ní bí àwọn bá ti fẹnu sọ ọ̀rọ̀ tán, ó ti di májẹ̀mú nìyẹn, kò sí àtúnsọ. Ó ní nítorí besa ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Albáníà fi gba àwọn Júù tó sá wọlé wọn mọ́ra nígbà ogun àgbáyé kejì, tí wọn kò sì fi wọ́n lé àwọn sójà Jámánì lọ́wọ́. Èmi tí mo fẹ́ ṣe àánú, mo rí i pé mo fẹ́ sọ ọlọ́jà di alágbe.

Nígbà náà ni mo gbọ́n. Mo tọ́ka sí ẹní kékeré mìíràn. Ó pe 3,500. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo san án. Ìyá náà wò mí títí, ó fà mí lọ́wọ́, ó mú mi jókòó sídìí òfì. Mo mú òwú, mo kó o gba àárín, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, ọwọ́ mi kò gbàgbé. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n hun? Ẹ ò sọ fún mi rí." Mi ò rí èsì fún un. Bọ́ọ̀sì ń fun fèrè, àwọn ará Jámánì ń wo aago. Wọ́n dárí jì mí nígbà tí wọ́n rí ojú mi.

OHUN TÍ MO MÚ BỌ̀

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá máa dé Krujë, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, òkúta ọjà náà ń yọ̀. Ẹ mú owó lek dání, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gba káàdì. Ẹ sì má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mi orí.

Mi ò sọ pé ká má nája mọ́ o. Ọjà níná ni iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, bí ahunṣọ bá gbé aṣọ òkè wá fún mi, ohun tí mo ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọjọ́ mélòó?" Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń sọ owó. Àwọn kan ní mo ti ń rà á wọ́n jù. Ó ṣeé ṣe. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀wọ̀ láti wá òfì ìyá mi. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi igi rẹ̀ dáná.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyá ta ló ṣì ń hun kíjìpá lórí òfì tó dúró? Ìlú wo ni? Ta ló ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, èló sì ni àwọn alágbàtà ń san fún un? Ẹ kọ lẹ́tà wá sí ojú ewé lẹ́tà wa. Ọmọ mi ń bọ̀ wálé lọ́dún tó ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ jókòó sídìí òfì, kí n tó kú.